Gradient ìyára nínú ìṣàn tí kò ki: kí ló dé tí ìyípo fi ń yọ lára ògiri?

ỌmọAlárè, Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Òpó afárá ni mo ń ṣe àfarawé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, irú àwọn tó dúró sójú odò Ọ̀ṣun lápá Ìjẹ̀bú níhìn-ín. Tí a bá gé òpó náà lábùú, òbìrí ni, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 0.5 m. Omi ń ti apá òsì bọ̀ ní 2 m/s. Inviscid ni mo mú ìṣàn náà, ìyẹn ni pé mo gbà pé omi kò ki rárá, ìpele kan kì í fa èkejì. Ògiri òpó jẹ́ slip. Mesh (àwọ̀n sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí mo pín omi sí) yí òpó ká bí òrùka, sẹ́ẹ̀lì 180 ló yí i po, èyí tó kan ògiri nípọn 0.02 m, àwọn tó tẹ̀ lé e náà bẹ́ẹ̀.

Ìyára tí solver (ètò tó ń yanjú ìdọ́gba ìṣàn) gbé jáde kò ní àbùkù. Cp (òdiwọ̀n pressure tí kò ní unit) níwájú òpó sún mọ́ 1, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi 90° ó sún mọ́ −3, bí ó ṣe yẹ. Wàhálà dé ìgbà tí mo kọ script Python tó ń fi Green-Gauss (ọ̀nà tó ń kó iye ojú sẹ́ẹ̀lì gbogbo jọ) ṣírò gradient, ìyẹn bí ìyára ṣe ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn; u ni ìyára sí ìhà x, v sí ìhà y. Nínú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ∂u/∂y jẹ́ nǹkan bí 190 s⁻¹. Nínú ìṣàn tí kò ki, ṣé kò yẹ kó jẹ́ òdo ni? Tí mo bá ya àwòrán ìyípo (bí omi ṣe ń yí lójú ara rẹ̀), ∂v/∂x − ∂u/∂y, òrùka pupa kan á yí òpó ká. Láti sẹ́ẹ̀lì kejì lọ síta kò sí nǹkan kan. Ibo ni mo ti ṣìnà?

Ará_Ṣágámù (9:10 alẹ́)

Àbúrò, nọ́ḿbà rẹ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ìyára ní ẹ̀gbẹ́ òpó jẹ́ nǹkan bí 4 m/s, sẹ́ẹ̀lì nípọn 0.02. Pín 4 sí 0.02, 200 ni. Òdo lo fi sí ojú ògiri. Gbé ìlà tó ń ṣírò iye ojú sẹ́ẹ̀lì wá ká rí i.

ỌmọAlárè (9:17 alẹ́)

Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n:

uf = np.zeros(nfaces)
uf[inu] = 0.5*(u[own[inu]] + u[nei[inu]])

own àti nei ni sẹ́ẹ̀lì méjì tó pín ojú kan. Àwọn ojú tó wà nínú nìkan ni mo kàn. Àwọn tó wà ní ààlà ṣì wà ní òdo tí np.zeros fi wọ́n sí. Àmọ́ ṣé kì í ṣe pé ògiri ló yẹ kó dá omi dúró ni?

ÌyáMesh_Ìpẹru (9:48 alẹ́)

Ọmọ mi, kí a tó tún kóòdù ṣe, jẹ́ ká tún èrò yẹn ṣe ná, torí tí ó bá dúró síbẹ̀, á tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

O ní ìṣàn tí kò ki kò yẹ kó ní ∂u/∂y. Kíki kọ́ ló ń dá gradient sílẹ̀. Iṣẹ́ kíki ni pé níbi tí gradient bá wà, á sọ ọ́ di agbára tí ìpele kan fi ń fa èkejì sẹ́yìn. Ìdọ́gba tí Leonhard Euler tẹ̀ jáde ní 1757 kò ní agbára yẹn nínú, ṣùgbọ́n gradient wà níbẹ̀ wámúwámú. Omi náà ń nà, ó ń fún, ó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò kàn san owó ibodè kankan fún un ni.

Fún òpó olóbìrí, a mọ ìdáhùn láìlo kọ̀ǹpútà. Pe ìyára omi láti òkèèrè ní U, pe rédíọ́ọ̀sì ní a. Lórí ìlà 90°, u = U(1 + a²/y²). Nítorí náà ∂u/∂y = −2Ua²/y³. Lára ògiri gan-an y = a, ó di −2U/a; fún tìrẹ, −8 s⁻¹. Àárín sẹ́ẹ̀lì rẹ àkọ́kọ́ wà ní y = 0.51, iye tó yẹ níbẹ̀ sì ni −7.54. Wo àmì rẹ̀: òdì ni, torí bí o bá ń jìnnà sí òpó, omi ń dẹ̀rìn. Ìwọ rí 190 tó jẹ́ rere.

Ojú kan náà yẹn ni ∂v/∂x náà ti jẹ́ −7.54. Ìyọkúrò wọn ló jẹ́ òdo. Bí ẹnì kan bá ní ìṣàn kan kò ní ìyípo, kò sọ pé ẹ̀yà méjèèjì jẹ́ òdo, ó ní wọ́n dọ́gba ni. Níwájú òpó, níbi tí omi ti forí sọ tó sì dúró, ∂u/∂x = −2U/a, ∂v/∂y = +2U/a. Ìyára jẹ́ òdo níbẹ̀, gradient kò sì jẹ́ òdo. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni òdo, òun là ń pè ní divergence, òun ni yóò sì sọ fún ọ bóyá omi ń sọnù nínú mesh rẹ.

Òrùka pupa yẹn kò lè jẹ́ òótọ́. Kelvin ti fi hàn ní 1869 pé omi tí kò ki, tí density rẹ̀ kò yí padà, tó sì wọlé láìní ìyípo, kò ní he ìyípo lójú ọ̀nà. Ìyípo èyíkéyìí tó bá yọ nínú irú ìṣirò yìí, àṣìṣe ló bí i: bóyá ti solver, bóyá ti gradient. O ti ní Cp dára, a jẹ́ pé ti gradient ni.

Wàyí o, ògiri. Slip túmọ̀ sí pé omi kò gbọdọ̀ wọ inú ògiri, àmọ́ ó lè yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mú ìyára àárín sẹ́ẹ̀lì (u_c), yọ apá tó dojú kọ ògiri (ìhà fẹ́kítọ̀ n) kúrò, kí o fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú ògiri (u_f):

u_f = u_c − (u_c·n) n

Fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó yé ọ. Ká ní n = (0.6, 0.8), u_c = (10, −7). u_c·n = 6 − 5.6 = 0.4. Yọ 0.4 × n kúrò: u_f = (9.76, −7.32). Yẹ̀ ẹ́ wò: 9.76 × 0.6 − 7.32 × 0.8 = 0. Bí o bá fẹ́ràn sẹ́ẹ̀lì òjìji lẹ́yìn ògiri, ìlọ́po méjì ni wàá yọ, ó di (9.52, −7.64), tí o bá pín òun àti u_c sí méjì, iye ojú kan náà ni wàá bá. Rí i pé gígùn n jẹ́ 1 gẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń fi fẹ́kítọ̀ ojú tí wọn kò tíì pín sí ìwọ̀n ojú náà síbẹ̀, kò sì ní fọ̀ rárá. Nọ́ḿbà kàn á máa burú díẹ̀díẹ̀ ni.

ỌmọAlárè (10:31 alẹ́)

Àǹtí, ẹ ṣeun, ó yé mi wàyí. Mo ti fi sí i. Òrùka náà ti rọ̀ gan-an, àmì ti di òdì. Ṣùgbọ́n −3.56 ni mo rí lórí ìlà 90°, ẹ sì ní −7.54. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì. Ṣé kí n sọ mesh di kíkéré sí i?

Onígègé_AgóÌwòyè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀)

Má fọwọ́ kan mesh. Ìdajì yẹn ní ìdí, mesh kò sì ní wò ó sàn. Ká gbàgbé pé sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ díẹ̀, ká ṣe é lórí ìlà 90° nìkan:

y = 0.51, u = 3.9223
y = 0.53, u = 3.7800
y = 0.55, u = 3.6529

Ojú tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kìíní àti ìkejì jẹ́ 3.8512. Nígbà tí òdo wà lára ògiri, 3.8512 ÷ 0.02 = 192.6, òun ni 190 àná rẹ. Ní báyìí tí o ti da u_c kọ sára ògiri, (3.8512 − 3.9223) ÷ 0.02 = −3.56. Ìyẹn ni pé apá òde sẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ìyára ń yí padà, apá ògiri kò mọ̀ ọ́n. Láàárín àárín sẹ́ẹ̀lì àti ògiri, o ti pàṣẹ pé kí nǹkan kan má yí padà. Ìdajì sẹ́ẹ̀lì lọ, ìdajì gradient bá a lọ.

Sọ 0.02 di 0.01 bí o bá fẹ́ rí i. Àárín sẹ́ẹ̀lì á bọ́ sí 0.505, iye tó yẹ á di −7.76, ìwọ á rí −3.77. Ìdajì náà ni. Òdo lára ògiri á sì fò lọ sí 392. Fi èyí sọ́kàn: nọ́ḿbà tó ń di ìlọ́po méjì bí mesh ṣe ń di ìdajì kì í ṣe gradient, ìfò ni. Nọ́ḿbà tó dúró lójú kan níbi tí kò tọ́, iye ojú ni kò tọ́.

Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù: má ṣe da u_c kọ lásán, fà á dé ògiri. u_f = u_c + ∇u·d, níbi tí d ti jẹ́ fẹ́kítọ̀ láti àárín sẹ́ẹ̀lì dé àárín ojú ògiri, lẹ́yìn náà kí o tó yọ apá tó dojú kọ ògiri. Ṣùgbọ́n ∇u gan-an là ń wá, nítorí náà tún un ṣírò léraléra: −3.56, −5.34, −6.23, −6.67, títí á fi fìdí kalẹ̀ sí −7.12. Ìdajì ohun tó kù ló ń dí nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 8 sí 10 ti tó. −7.12 yìí kò yàtọ̀ sí (3.7800 − 3.9223) ÷ 0.02, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5.6 nínú 100. Tí mesh bá di ìdajì, àṣìṣe náà á di ìdajì.

Lórí mesh olórùka bíi tìrẹ tó wà létòlétò, o lè lo sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta láti ògiri síta: (−3u₁ + 4u₂ − u₃) ÷ (2 × 0.02) = −7.50. Àṣìṣe kò tó 1 nínú 100, tí mesh bá sì di ìdajì á di ìdá mẹ́rin. Mesh onígun mẹ́ta tó wà rúdurùdu kò ní jẹ́ kí o rí sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan, àwọn tó ń lo irú ẹ̀ á padà sí ìṣirò àtúnṣe léraléra.

Ọ̀dọ́gbọlú77 (7:25 àárọ̀)

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń wá iye ojú ògiri kiri. Least squares (ọ̀nà tó ń wá gradient tó bá ìyàtọ̀ gbogbo aládùúgbò mu jù lọ) kò bèèrè ojú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àárín sẹ́ẹ̀lì àti àárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti tó.

Fún aládùúgbò kọ̀ọ̀kan, kọ dx, dy, àti ìyàtọ̀ u sílẹ̀. Kó wọn jọ sínú mátíríìsì 2×2, fi determinant rẹ̀ (det) pín, o parí. Ẹ wo eléyìí pẹ̀lú u = 2x + 3y, tí a ti mọ̀ pé gradient rẹ̀ jẹ́ (2, 3). Aládùúgbò mẹ́ta: (0.1, 0), (−0.05, 0.1), (−0.04, −0.12). Ìyàtọ̀ u: 0.2, 0.2, −0.44.

Σdx² = 0.0141
Σdxdy = −0.0002
Σdy² = 0.0244
Σdx·Δu = 0.0276
Σdy·Δu = 0.0728
det = 0.0141 × 0.0244 − 0.0002² = 0.000344

∂u/∂x = (0.0276 × 0.0244 + 0.0002 × 0.0728) ÷ 0.000344 = 2
∂u/∂y = (0.0141 × 0.0728 + 0.0002 × 0.0276) ÷ 0.000344 = 3

Gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò náà jókòó wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ fi irú sẹ́ẹ̀lì wọ́gọwọ̀gọ bẹ́ẹ̀ lé Green-Gauss lọ́wọ́ kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí. Ìlà tó so àárín sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ kì í sábà gba àárín ojú kọjá lórí mesh rúdurùdu, nítorí náà ìdajì-ìdajì tí ẹ ń pín kò bọ́ sí ibi tó yẹ.

Ará_Ṣágámù (7:58 àárọ̀)

Ọ̀dọ́gbọlú, o ti tún dé. Least squares dára, àmọ́ sọ ibi tó ti ń ṣubú fún ọmọdé yìí pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́ta tó wà ní kọ̀rọ̀ lè ní aládùúgbò kan tàbí méjì péré. Bí gbogbo wọn bá tò sórí ìlà kan pẹ̀lú àárín sẹ́ẹ̀lì náà, det á di òdo, Python á sì kó nan tàbí inf (èyí tí kì í ṣe nọ́ḿbà tó wúlò) fún ọ. Tàbí det á jẹ́ 10⁻¹⁸, tí kò ní sọ̀rọ̀, tí gradient á sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ó fi àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jọ ní igun kan pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ní ojú kan.

Èkejì, òbìrí ni òpó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri tó tẹ̀, aládùúgbò ẹ̀gbẹ́ kì í wà ní ìpele kan náà. Ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ní d²/2R. Ká ní aládùúgbò jìnnà ní 0.05 m, R = 0.5: ó rọ̀ ní 0.0025 m. Bí sẹ́ẹ̀lì bá nípọn 0.0005 m péré, ìrọ̀sílẹ̀ yẹn jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìnípọn rẹ̀! Least squares tí kò ní ìwúwo á gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jìnnà, á sì ṣi gradient tó dojú kọ ògiri ṣírò pátápátá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo 1/d² nínú àwọn àpapọ̀ rẹ, kí ẹni tó sún mọ́ tòsí lóhùn ju ẹni òkèèrè lọ.

Ọ̀dọ́gbọlú77 (8:06 àárọ̀)

Mo gbà fún ìwúwo. Ti pẹlẹbẹ kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Mesh tó há mọ́ ògiri bí ìwé, ìṣàn tó ki ló nílò rẹ̀. Tiẹ̀ nípọn 0.02, gígùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri jẹ́ nǹkan bí 0.0175. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sukuéà. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ará_Ṣágámù (8:09 àárọ̀)

Òótọ́ ni. Fún tiẹ̀, èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì.

Nọ́ḿbà_Ìlíṣàn (12:15 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ohun èlò kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Slip inú OpenFOAM (ètò ìṣirò ìṣàn kan), ẹ̀dà u_c tí a ti yọ apá tó dojú kọ ògiri kúrò nínú rẹ̀ ni. Nítorí náà grad(U) pẹ̀lú Gauss linear á fún ọ ní ìdajì kan náà tí Onígègé ṣàlàyé. Má sì rò pé tí o bá kọ leastSquares sínú fvSchemes (fáìlì tí a ti ń yan ọ̀nà ìṣirò) o ti bọ́: leastSquares ibẹ̀ ń ka ojú ààlà mọ́ aládùúgbò, iye tó dà kọ yẹn náà ló ń lò níbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ògiri bá ṣe pàtàkì sí ọ, ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ.

SU2 (ètò ìṣirò ìṣàn mìíràn): SOLVER= EULER, ògiri nínú MARKER_EULER, NUM_METHOD_GRAD= WEIGHTED_LEAST_SQUARES. Igun mesh ló ń tọ́jú iye sí, kì í ṣe àárín sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ó ní iye lára ògiri gan-an. Má fi nọ́ḿbà rẹ̀ wé ti àárín sẹ́ẹ̀lì láì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà: −8 ni ti ògiri, −7.54 ni ti 0.51.

NumPy (irinṣẹ́ ìṣirò Python): bí array rẹ bá jẹ́ u[j, i], tí j jẹ́ y, np.gradient(u, dy, dx) á kọ́kọ́ dá ∂u/∂y padà, lẹ́yìn náà ∂u/∂x. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á ní òdìkejì. Fi edge_order=2 sí i, torí 1 ló máa ń lò ní etí bí o kò bá sọ nǹkan kan.

Èyí tó burú jù nìyí. OpenFOAM ń to gradient báyìí: àmì àkọ́kọ́ ni ìhà tí a ti ń wo ìyípadà, ìkejì ni ẹ̀yà ìyára. Nítorí náà xy níbẹ̀ jẹ́ ∂v/∂x. ParaView (ètò tó ń ya àwòrán dátà) ń to tirẹ̀ báyìí: ∂u/∂x, ∂u/∂y, ∂u/∂z, ∂v/∂x… Ipò kejì níbẹ̀ jẹ́ ∂u/∂y. Ọ̀kan jẹ́ ìdojúdé èkejì. Òpó olóbìrí tí ẹ fi ń dán nǹkan wò kò sì lè tú àṣìṣe yìí fó láéláé! Nínú ìṣàn tí kò ní ìyípo, ∂u/∂y àti ∂v/∂x dọ́gba, ìdojúdé àti àìdojúdé ojú kan náà ni wọ́n ní. Ìdánwò á yọrí, àṣìṣe á sinmi jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ tí o bá gbé ìṣàn mìíràn wá.

Fi u = 3y, v = 0 sínú mesh rẹ. Ipò kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ní 3. Wo ipò tó bọ́ sí, kọ ọ́ sára script rẹ.

ParaView tún ní ìwà kan: bí dátà bá wà ní àárín sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń kó o lọ sí igun ná kí ó tó ṣírò gradient. Ìyẹn ń dán nọ́ḿbà, ó sì ń pa góńgó tó wà lára ògiri rẹ́. Ya àwòrán níbẹ̀, àmọ́ má gba nọ́ḿbà níbẹ̀.

ÌyáMesh_Ìpẹru (3:30 ọ̀sán)

Ìlíṣàn, o kú iṣẹ́ o, ti u = 3y yẹn dára púpọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ limiter kún un, torí mo mọ̀ pé ọmọ yìí kò ní dúró sórí omi. Ọjọ́ kan á fẹ́ ṣe afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju ohùn lọ. Solver Euler fúnra rẹ̀ ń lo gradient láti gbé iye láti àárín sẹ́ẹ̀lì dé ojú rẹ̀. Níbi tí shock (ibi tí pressure àti density ti fò lójijì) bá wà, gradient yẹn á ju bó ṣe yẹ lọ, iye ojú á ga ju ti gbogbo aládùúgbò, density lè di òdì, ìṣirò á dàrú. Limiter ni ìjánu tí a fi sí i lẹ́nu, bíi ti ẹṣin Ojúde Ọba: ẹṣin ṣì lè fò, àmọ́ kò ní fò wọ àárín èrò. Ó ń fi nọ́ḿbà kan láàárín 0 àti 1 dín gradient náà kù, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Barth àti Jespersen gbé ọ̀kan tó le jáde ní 1989. Ti Venkatakrishnan rọ̀ jù ú lọ, ó sì ń jẹ́ kí ìṣirò fìdí kalẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: gradient tó ní ìjánu lẹ́nu kì í ṣe èyí tí wàá fi ṣírò ìyípo. Níbi tí ìyára bá ti dé góńgó tàbí ilẹ̀, limiter tó le á sọ ọ́ di 0, gẹ́gẹ́ bíi lára ògiri òpó rẹ gan-an tí u ga jù lọ. Bí o bá rí cellLimited nínú ìlà grad(U) lórí OpenFOAM, ìjánu ti wà níbẹ̀. Ṣe méjì: ọ̀kan fún solver, ọ̀kan tí kò ní ìjánu fún àyẹ̀wò.

Bí solver bá ń tọ́jú ρ (density) àti ρu, má pín gradient ρu sí ρ lásán. ∇u = (∇(ρu) − u∇ρ) ÷ ρ. Ẹni tó bá gbàgbé apá kejì á rí ìyípadà ìyára níbi tí density nìkan ti yí padà.

Níbi shock, má ròyìn gradient tó ga jù. Ìfò ni, bí Onígègé ti wí: mesh di ìdajì, òun di ìlọ́po méjì. Ròyìn iye tó wà ṣáájú shock àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyípo tí o bá sì rí lẹ́yìn shock tó tẹ̀, má pa á rẹ́, òótọ́ nìyẹn. Òfin Kelvin kò dé ibẹ̀, torí agbára shock kò dọ́gba lórí gbogbo ìlà omi.

OníAfárá_Ìkẹ́nẹ́ (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé a lè fi gradient yìí wá bí omi á ṣe gbẹ́ yanrìn ìdí òpó?

Ará_Ṣágámù (5:20 ìrọ̀lẹ́)

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Omi tí kò ki kì í fa yanrìn. Ohun tó ń gbẹ́ ìdí òpó ni ìyípo tó ń tẹ̀ bí bàtà ẹṣin níwájú òpó, inú omi tó ń lọ́ra lórí ilẹ̀ odò ló sì ti ń wá, ìyẹn kíki ni. Ìṣàn yìí kò tilẹ̀ ní ti òpó: d'Alembert ti rí i láti 1752 pé agbára tó fi ń ti òbìrí jẹ́ òdo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi tó ti 2 m/s di 4 m/s, ojú rẹ̀ á rọ̀ ní (16 − 4) ÷ (2 × 9.81) = 0.61 m. Àfarawé òun kò ní ojú omi rárá. Ó dára fún kíkọ́ bí a ti ń ṣírò gradient, kò dára fún yíya àwòrán afárá.

Onígègé_AgóÌwòyè (6:11 ìrọ̀lẹ́)

ỌmọAlárè, àyẹ̀wò kan kù tí kò ná ọ ní nǹkan kan. Lára ògiri níbi 90°, omi ń yí òbìrí po. Ìyárasókè rẹ̀ sí àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ u²/a = 16 ÷ 0.5 = 32 m/s². Gba ti gradient: u × ∂v/∂x = 4 × (−8) = −32, òdì torí ìsàlẹ̀ ni àárín òbìrí wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1000 kg/m³, ∂p/∂y = 32 000 Pa/m. Fi wé pressure tí solver fún ọ. Bí ti pressure bá bá a mu tí ti ìyára kò bá a mu, gradient rẹ ṣì ní àrùn.

ỌmọAlárè (9:35 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Lórí ìlà 90°: àtúnṣe léraléra ìgbà 10 fún mi ní −7.12, ìyípo tó kù −0.4. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta fún mi ní −7.50, ìyípo −0.04. Òrùka pupa ti lọ. Mo tún mesh ṣe sí 0.01: −7.54 àti −7.75, iye tó yẹ jẹ́ −7.76.

Mo tún fi u = 3y dán an wò, mo sì fi script mi wé grad(U) ti OpenFOAM. 3 ti script mi bọ́ sí ipò kejì, ti OpenFOAM bọ́ sí ipò kẹrin. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń yọ ọ̀kan nínú èkejì láti wo ìyàtọ̀ wọn, òpó yìí kò sì jẹ́ kí n mọ̀.

Nọ́ḿbà_Ìlíṣàn (9:41 alẹ́)

Tún wo ìlà tó ń ṣírò ìyípo láti ara ti OpenFOAM. Bí o bá kà á bí o ti ń ka tìrẹ, àmì rẹ̀ ti yí padà.